Fóònù Ọwọ́ Gba Ipò Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì: Kí Ni Èrè Rẹ̀, Kí Sì Ni Ewu Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá fóònù ọwọ́ ti òde òní mu gan-an. Ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ọmọdé ń fi ṣeré, tí ìyá ọlọ́jà ń dì mọ́ inú ìró, ni ó ti wá di akọ̀wé, tí ó di ayàwòrán, tí ó tún di àpótí ìwé àti ibi ìfowópamọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí á bi ara wa: ṣé a lè gbé gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì lé fóònù lọ́wọ́, kí ọkàn wa sì balẹ̀? Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti dán an wò fún odindi ọdún kan. Kì í ṣe ìfẹ́ inú mi ni ó gbé mi débẹ̀, àjálù ni.

Fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń tẹ oríkì àti ìtàn agboolé wa ní Kétu sínú kọ̀ǹpútà kan. Ìyá àgbà kan wà nínú ilé wa tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ kún fún oríkì bí àká tí ó kún fún àgbàdo. Mo máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án; bí ó bá di alẹ́, mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo tún kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a bí àti ọjọ́ tí àwọn àgbà wa wàjà, mo sì kó ẹ̀dà àwọn ìwé ilẹ̀ agboolé pọ̀ sí ibẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú àkókò òjò, ààrá sán, iná mọ̀nàmọ́ná lọ. Ó padà dé lójijì, ó tún lọ. Nígbà tí ó dé lẹ́ẹ̀kẹta, èéfín rú jáde láti inú àpótí kọ̀ǹpútà mi. N kò ra ẹ̀rọ tí ń tún iná ṣe, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní régulateur. Mo ti sọ pé owó rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u palẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, pátákó inú rẹ̀ ti jó. Dísìkì tí ó ń pa ìwé mọ́ náà kò sì jí dáadáa.” Ó yọ dísìkì náà, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Nínú ìwé méjìlá tí mo ti tẹ̀, méje ni ó rí yọ. Ohùn ìyá àgbà kò jáde rárá. Iye tí mo fi lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn kọjá agbára mi ní ìgbà náà, nítorí náà fóònù tí ó wà nínú àpò mi ni mo bojú wò.

Mo padà lọ bá ìyá àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó jọ̀wọ́ kí ó tún oríkì náà kì fún mi. Ó bi mí pé, “Èyí tí o gbà lẹ́nu mi níjọ́sí ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ má bínú, ìyá, iná ti jó o.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà tí eyín mi ṣì pé ni o jẹ́ kí iná jó yẹn.” Ó tún un kì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pé mọ́. Nígbà tí ó kan àwọn tí ó tẹ agboolé wa dó, ó dúró, ó ronú títí, ó ní kí á fò ó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kọ́ ni olórí ohun, bí kò ṣe ohun tí a fi sí ìpamọ́ nínú rẹ̀. Inú ìmọ̀ yìí ni mo ti fẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà wò.

Bí ẹ̀rọ ńlá ṣe di ẹ̀rọ ọwọ́

Ní ọdún 1946, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ ìṣirò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ENIAC han aráyé. Odindi gbọ̀ngàn ni ó gbà. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù, gílóòbù tí ó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 17,000. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, iléeṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tirẹ̀ jáde. Irú rẹ̀ ni ó tàn ká àwọn ọ́fíìsì lágbàáyé, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, tí àwọn tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ń pè ní ordinateur.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni ohun kan tí ó jọ àlọ́ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sophie Wilson àti Steve Furber, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Acorn, ya ọpọlọ kọ̀ǹpútà tuntun kan tí wọ́n sọ ní ARM. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ iye iná tí ó ń jẹ, òdo ni ẹ̀rọ ìwọnná fi hàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n wá rí i pé wọn kò tíì so iná tirẹ̀ mọ́ ọn rárá: iná díẹ̀ tí ń jò wá láti ara àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ó yí i ká ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ìdílé ọpọlọ tí kì í jẹun púpọ̀ yìí ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn fóònù tí à ń lò lónìí.

Ọpọlọ nìkan kò tó. Ó nílò oúnjẹ tí ó ṣeé gbé rìn. Ní ọdún 1991, iléeṣẹ́ Sony gbé bátìrì lithium-ion sí ọjà, èyí tí ó fúyẹ́, tí ó sì ṣeé kún pẹ̀lú iná lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ yìí tóbi débi pé ní ọdún 2019 ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ kẹ́mísírì dá John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino lọ́lá nítorí ipa tí wọ́n kó nínú rẹ̀. Nígbà tí iPhone jáde ní ọdún 2007, tí fóònù Android àkọ́kọ́ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2008, ọpọlọ kékeré, bátìrì kékeré àti ojú tí a ń fi ìka tẹ̀ ti pàdé ara wọn. Ohun tí ó gba gbọ̀ngàn tẹ́lẹ̀ ti wọ inú àpò.

Ọ̀rọ̀ iná ni baba ọ̀rọ̀

Bí ènìyàn bá ń gbé ní ibi tí iná kì í lọ, ó lè má mọ ìdí tí fóònù fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Bátìrì fóònù tí ó wọ́pọ̀ lónìí, tí wọ́n kọ 5,000 mAh sí lára, ń gba agbára tí ó tó wáàtì 19 fún wákàtí kan. Bí a bá mú kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí òun àti ojú rẹ̀ ń jẹ wáàtì 100, tí a sì ní kí ó máa jẹ láti inú bátìrì yẹn, kò ní tó ìṣẹ́jú 12 tí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ ìṣẹ́jú 12 fún kọ̀ǹpútà ni fóònù ń fi ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré kan tí a gbé sí orí òrùlé lè bọ́ fóònù ní abúlé tí wáyà iná kò dé; kò lè bọ́ kọ̀ǹpútà ńlá.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà dé ọ̀dọ̀ wa náà kó ipa. Ọdún 1995, ọdún tí Kútọnu gba àpéjọ àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé lálejò, ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 2002 ni wáyà ńlá abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3, tí ó ti Pọtogí wá dé Gúúsù Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kútọnu sì wà lára àwọn ibi tí ó ti gun èbúté. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun ní láti lọ jókòó ní cyber, kí ó sanwó wákàtí, kí ó máa wo aago bí ó ti ń tẹ̀wé. Lónìí, láti inú oko ni bàbá lè rí ojú ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ìkíni lásán. Láti ọdún 2020 ni ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ṣí ojú-ewé service-public.bj, níbi tí ènìyàn lè ti béèrè fún ìwé bíi casier judiciaire láì wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Kò sì sí ohun tí ó fi hàn bí fóònù ti wọ ara wa tó bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018. Ní ọdún náà, ìjọba gbé àṣẹ kan jáde pé kí á máa san fráǹkì 5 lórí mégábáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Ariwo ta láti ìlú dé ìlú, nítorí pé ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ń tajà, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ìwé. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà tó parí, wọ́n ti fagi lé owó orí yìí. Àwọn ènìyàn kò jà nítorí ohun ìṣeré. Tábìlì iṣẹ́ wọn ni wọ́n jà fún.

Bí mo ṣe sọ fóònù di tábìlì ìkọ̀wé

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rà ni pátákó ìtẹ̀wé, èyí tí ó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth láìsí wáyà. Ẹni tí ó bá ti ní pátákó àtijọ́ tí ó ní wáyà kò nílò láti ra òmíràn; okùn kékeré kan tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní OTG ni yóò fi so ó mọ́ fóònù. Láìsí pátákó yìí, àtàǹpàkò nìkan ni ènìyàn yóò máa fi tẹ̀wé, ọwọ́ yóò sì dùn ún kí ó tó kọ ojú ewé mẹ́ta.

Ohun kejì ni èdè wa. Lórí pátákó ìtẹ̀wé Faransé, é àti è wà, ṣùgbọ́n ẹ kò sí, ọ kò sí, ṣ kò sí. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè abínibí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì ń lo ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Méjèèjì kò sí lórí pátákó náà. Ní ìgbà tí mo ń lo kọ̀ǹpútà, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ láìní àmì, kí n tó padà wá fi àmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí fóònù, mo fi Yorùbá kún àwọn èdè tí Gboard ń lò. Mo wá ń rí ẹ, ọ àti ṣ lábẹ́ ìka mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Oríkì tí kò ní àmì ohùn dà bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti dẹ̀.

Ohun kẹta ni ojú fóònù tí ń ya àwòrán. Àwọn ìwé ilẹ̀ agboolé tí mo máa ń gbé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ni mo wá ń yà fúnra mi nísinsìnyí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tí mo sì ń kó wọn pọ̀ di ìwé kan ṣoṣo. Gbohùngbohùn tí ó wà nínú rẹ̀ ni mo fi gba ohùn ìyá àgbà. Ní ìgbà kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo nílò fún iṣẹ́ wọ̀nyí.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ronú sí i. Ní ọdún 2011, Motorola ṣe fóònù Atrix tí a lè kì bọ inú ohun tí ó jọ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ní ọdún 2013, iléeṣẹ́ Canonical tọrọ mílíọ̀nù 32 dọ́là lọ́wọ́ aráyé láti fi ṣe fóònù Ubuntu Edge tí yóò di kọ̀ǹpútà bí a bá so ó mọ́ ojú ńlá. Iye tí ó wọlé kò pé mílíọ̀nù 13, iṣẹ́ náà sì forí ṣánpọ́n. Microsoft gbé Continuum jáde ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n irú àwọn fóònù tí ó wà fún kò pẹ́ lọ́jà. Samsung bẹ̀rẹ̀ DeX ní ọdún 2017, òun ni ó pẹ́ jù nínú wọn: bí a bá so irú fóònù bẹ́ẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú iṣẹ́ tí ó jọ ti kọ̀ǹpútà ni yóò hàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fóònù ni ó ní i; ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó sanwó.

Ibi tí fóònù kò ti tó

Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Fóònù náà ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Nígbà tí mo fẹ́ to orúkọ àwọn ọmọ agboolé sí inú àtẹ gígùn, kí n lè rí baba, ìyá àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú fóònù kò gbà á. Mo ń fa ìwé sọ́tùn-ún, mo ń fà á sósì, mo sì ń gbàgbé ohun tí mo rí ní apá kejì. Níkẹyìn, ìwé funfun ńlá kan ni mo tẹ́ sílẹ̀, tí mo fi bírò kọ ọ́ sí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo ìwé fún ìtẹ̀jáde, yíya àwòrán ilé tàbí ṣíṣe ìṣirò owó iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ yára ta kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ara ènìyàn náà ń ké. Lẹ́yìn oṣù kan tí mo ti ń tẹ orí ba wo fóònù, ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo wá gbé fóònù sí orí pákó kékeré kan tí ó gbé e sókè dé ìwọ̀n ojú mi, mo sì ń dìde ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe tún wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì dà bí ilé alámọ̀: bí ògiri kan bá wó, a lè mọ òmíràn. Bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́, a óò yọ ọ́, a óò fi tuntun sí i. Wọ́n lẹ fóònù pa ni, bí ó bá sì ti pé ọdún mélòó kan, ẹni tí ó ṣe é kì í fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i mọ́, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì a sì máa wá ọ̀nà wọ inú rẹ̀.

Paríparí rẹ̀ ni pé ohun tí ó fúyẹ́ fún wa láti gbé, ó fúyẹ́ fún olè náà láti gbé. Kò sí olè tí yóò gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì sá gba àárín ọjà kọjá. Fóònù lè bọ́ lórí ọ̀kadà, ó lè jábọ́ sínú kànga, ọmọdé sì lè jù ú sínú omi. Bí ó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni ìwé wa wà, a kàn ti ọwọ́ iná bọ́ sí ọwọ́ omi ni.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ sí àká kan. Òfin tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí: kí ẹ̀dà ìwé jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé tí àwọn yòókù wà. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ̀dà kan wà lórí fóònù. Èkejì wà lórí fíláàṣì, èyí tí a ń pè ní clé USB, tí mo ń fi okùn OTG kọ ìwé sí lára ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀kẹta ń lọ sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní òru, nígbà tí mo bá rí ìsopọ̀. Fíláàṣì kejì kan tún wà ní ọwọ́ àbúrò mi ní Àjàṣẹ́, tí mo máa ń pààrọ̀ bí mo bá lọ kí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un. Àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti fóònù yín, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ náà sí ibi tí ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé mọ̀. Ìwé agboolé tí olówó rẹ̀ kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó jóná. Èkejì, ẹ máa ṣí ẹ̀dà yín wò láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Ìdájọ́ mi nìyí lẹ́yìn ọdún kan. Fún ẹni tí ń kọ lẹ́tà, tí ń gba ohùn, tí ń ya ìwé, tí ń tajà, tí ń kàwé, tí ó sì ń gbé ní ibi tí iná kò dúró sójú kan, fóònù tó, ó tún ṣẹ́ kù. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ojú gbọọrọ, kọ̀ǹpútà ṣì ní àyè tirẹ̀. Nígbà tí owó bá dé, èmi yóò ra òmíràn. Régulateur ni n óò kọ́kọ́ rà.

Ìyá àgbà ṣì wà láàyè. Ní oṣù tí ó kọjá, mo tẹ ohùn rẹ̀ kí ó gbọ́ ọ. Ó fi etí sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ yìí kò yára mọ́. Àwọn ìwé tí ó jó ti ń padà bọ̀ sípò ní díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó kan àwọn tí ó tẹ agboolé dó ṣì ṣófo. Mo fi àyè ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan wa ní Pọ́bẹ̀ àti ní Ìmẹ̀kọ bóyá ẹnì kan ṣì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, yálà fóònù ni ẹ ń lò tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ òní ṣú kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà ohun tí ẹ kò fẹ́ kí ó sọnù. Àkókò òjò ń bọ̀.